Kànnàkànnà: Bí Ayé Àtijọ́ Ṣe Kọ́ Ọmọ, àti Bí A Ṣe Lè Kọ́ Tiwa Láìṣe Ẹnikẹ́ni Léṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n nínú ooru ọdún tó kọjá ni mo tó fi ojú ara mi rí ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbọ́ ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ó ti délé, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó gé awọ lára àpò àtijọ́ kan, ó sì ṣe kànnàkànnà. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì í. Iwájú ni ó dojú kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni òkúta náà gbà lọ. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì fọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Orí ló kó ọmọ náà yọ.

Ìyá wọn ní kí n sun kànnàkànnà náà níná lójú ẹsẹ̀. N kò bá a jiyàn, nítorí pé òun ló ń gbá gíláàsì nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti mú un lọ́wọ́, ọkàn mi lọ sí oko ìrẹsì ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Èkìtì, níbi tí èmi náà ti kọ́ bí a ti ń fì í. Mo rántí pé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fi kànnàkànnà lé mi lọ́wọ́ ni wọ́n fi òkúta sí i. Ọmọ mi rí kànnàkànnà, kò rí olùkọ́. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé ilé tiwa nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀.

Ohun tí kànnàkànnà jẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kànnàkànnà kì í ṣe kánnákánná tó jẹ́ ẹyẹ. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kì í sì ṣe rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń pa alángbá, èyí tí a so mọ́ igi tó ya ẹ̀ka méjì. Kànnàkànnà kò ní igi, kò ní rọ́bà. Okùn méjì ni, pẹ̀lú àpò awọ tàbí àpò híhun kékeré láàrin wọn. Orí okùn kìíní ní ojóbó tí a ń ti ìka àárín bọ̀. Orí okùn kejì ní kókó tí a ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá dì mú. A ó fi òkúta sínú àpò, a ó fì í, a ó sì jọ̀wọ́ kókó náà. Okùn kan á wà lọ́wọ́, èkejì á tú, òkúta á sì lọ.

Agbára rẹ̀ wà nínú gígùn okùn, nítorí ńṣe ni okùn ń sọ apá ènìyàn di gígùn. Ewu rẹ̀ sì wà nínú àkókò tí a jọ̀wọ́ kókó. Ẹ wo táyà ọkọ̀ tó ń yí nínú ẹrẹ̀. Ibikíbi tí ẹrẹ̀ bá ti já kúrò lára táyà, ọ̀nà tó kọjú sí ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni yóò gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta inú kànnàkànnà. Bí ọwọ́ bá yá díẹ̀ jù tàbí tí ó pẹ́ díẹ̀ jù, òkúta lè gba iwájú, òkè, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn. Ẹni tí ń ta ọfà, iwájú nìkan ni ewu rẹ̀ wà. Ẹni tí ń kọ́ kànnàkànnà, yíká ara rẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ ibi tí agbára ohun kékeré yìí mọ, bí kò bá fojú rí i. Ní ọdún 1981, ní Loa ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Larry Bray fi kànnàkànnà ta òkúta dé mítà 437. Ìyẹn ju ìbú pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí a tò sí ìdí ara wọn lọ.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò láyé àtijọ́

Ohun èlò àtayébáyé ni kànnàkànnà. Nígbà tí Howard Carter rí ibojì Ọba Tutankhamun ti Íjíbítì ní ọdún 1922, kànnàkànnà tí wọ́n fi òwú ọ̀gbọ̀ hun wà lára àwọn ohun tí wọ́n sin mọ́ ọba ọ̀dọ́ náà, ó sì lé ní 3,200 ọdún tí ó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ti Dáfídì, ẹni tó ṣa òkúta márùn-ún tó jọ̀lọ̀ nínú odò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 20. Níbẹ̀ ni a ti ka ìtàn 700 ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì, tí wọ́n lè fi kànnàkànnà ta òkúta sí fọ́nrán irun kan láìtàsé. Kò sí bí 700 ènìyàn yóò ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ní ẹ̀yà kan ṣoṣo, àfi tí ẹnì kan bá ń kọ́ wọn.

Ní ọdún 401 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọmọ ogun Gíríìkì bíi 10,000 há sí àárín ilẹ̀ Páṣíà, àwọn ọ̀tá sì ń ta wọ́n láti òkèèrè. Xenophon, tó wà láàrin wọn tó sì kọ ìtàn náà, béèrè bóyá àwọn ará erékùṣù Rhodes tó wà nínú ogun náà mọ kànnàkànnà lò. Nǹkan bí 200 ènìyàn ló jáde. Àwọn ará Páṣíà ń fi òkúta tó kún ọwọ́ ta, ṣùgbọ́n àwọn ará Rhodes mọ bí a ti ń fi ọta òjé kéékèèké ta, ọta tiwọn sì ń lọ jìnnà tó ìlọ́po méjì ti ọ̀tá. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ibùdó ogun ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ilé wọn wá. Ọjọ́ tí ogun dé ni àwọn ẹlòmíràn tó mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Búrẹ́dì orí igi

Àwọn tó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn ará erékùṣù Balearic, èyíinì ni Mallorca, Menorca àti àwọn erékùṣù tó yí wọn ká, tó wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì lónìí. Diodorus, òpìtàn Gíríìkì tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú ìbí Kristi, sọ pé kànnàkànnà mẹ́ta ni ọkùnrin kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé: ọ̀kan á wà lórí, ọ̀kan á wà nídìí, ọ̀kan á wà lọ́wọ́. Òun náà ló sọ ìtàn tí n kò lè gbàgbé. Ó ní àwọn ìyá ibẹ̀ máa ń gbé búrẹ́dì ka orí igi, ọmọ kò sì ní jẹ ẹ́ títí yóò fi fi kànnàkànnà bà á.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá dàgbà, ẹ̀rù rẹ̀ tó bà ọ̀tá. Carthage fi owó gbà wọ́n sínú ogun. Wọ́n wà lẹ́yìn Hannibal nígbà tó bá Róòmù jà lẹ́bàá odò Trebia ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Kristi, àti ní Cannae ní ọdún 216. Livy, òpìtàn Róòmù, sọ pé bí ìjà Cannae ti bẹ̀rẹ̀ ni ọta kànnàkànnà ti ṣe Aemilius Paullus léṣe gidigidi. Ọ̀kan nínú àwọn olórí méjì tó kó ogun Róòmù jáde ni, kò sì bọ́ nínú ogun ọjọ́ náà. Nígbà tí Metellus ti Róòmù wá lọ gba àwọn erékùṣù náà ní ọdún 123 ṣáájú ìbí Kristi, ńṣe ló ta awọ bo orí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, kí òkúta má baà pa àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Ìtàn búrẹ́dì yìí máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sì ní ìkà ni. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ìyá ló yan ohun tí ọmọ ń ta, ìyá ló yan ibi tí ó gbé e kà, ìyá sì wà níbẹ̀ tí ń wò ó. Wọn kò fi òkúta lé ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n ní kó máa lọ ṣeré.

Àwọn ará Róòmù náà kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn tó bá wọn jà. Vegetius kọ ìwé lórí bí a ti ń tọ́ ọmọ ogun, ní nǹkan bí 400 ọdún lẹ́yìn ìbí Kristi. Ó ní àwọn atafà àti àwọn oníkànnàkànnà máa ń di igi wẹ́wẹ́ tàbí koríko gbígbẹ ní ìdì, tí wọ́n á gbé e kalẹ̀ ní 600 ẹsẹ̀, tí wọ́n á máa ta á títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù: kí wọ́n kọ́ wọn láti yí kànnàkànnà ká orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó jọ̀wọ́ òkúta. Nínú fíìmù, a máa ń rí Dáfídì tó ń yí i ká lọ́pọ̀ ìgbà bí ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti ń yí i tó ni àǹfààní àṣìṣe ń pọ̀ tó.

Òkúta tí kò gbọ́dọ̀ bà

Àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò láti lọ jìnnà kí a tó rí àmì iṣẹ́ yìí. Ní Maiden Castle ní Dorset, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Mortimer Wheeler ṣáájú wa ilẹ̀ láàrin ọdún 1934 sí 1937. Wọ́n bá òkúta kànnàkànnà tó lé ní 20,000 tí àwọn ará ibẹ̀ kó jọ, òkúta róbótó láti etí òkun Chesil. Ní Burnswark ní Skọ́tílándì, wọ́n hú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta òjé ti àwọn ará Róòmù láti nǹkan bí ọdún 140 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ihò kékeré wà lára àwọn mìíràn nínú wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n sì ta á, ó ń dún lójú ọ̀run bí oyin tó ń bínú. Ẹni tí wọ́n ń ta á sí yóò ti gbọ́ ọ kó tó dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun nìkan ni kànnàkànnà wà fún. Àwọn darandaran lórí òkè Andes ní Peru àti Bolivia ń fi í da ẹran llama wọn. Àwọn darandaran Tibet náà ń fi tiwọn da màlúù onírun gígùn. Bí ẹran bá fẹ́ yà, wọ́n á ta òkúta síwájú rẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè padà. Ta ni yóò fi òkúta fọ́ ojú ẹran ara rẹ̀? Iṣẹ́ darandaran ni pé kí òkúta sún mọ́ ẹran kó má sì bà á. Ọ̀dọ̀ àgùntàn ni Dáfídì náà ti wá.

Bákan náà ló rí ní oko ìrẹsì wa. Ẹyẹ ẹ̀gà ni à ń lé. Bàbá Oko, bí gbogbo wa ti ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò bìkítà bóyá a pa ẹyẹ tàbí a kò pa á. Kí ẹyẹ fò kúrò lórí ìrẹsì ni tirẹ̀. Ògúlùtu, ilẹ̀ gbígbẹ tó dì, ló ní kí á fi ta, kò gbà wá láyè òkúta fún ọdún kan gbáko. Ní ọjọ́ kan, mo jọ̀wọ́ kókó láìwo ẹ̀gbẹ́, ògúlùtu náà sì bá ọmọ rẹ̀ ní ìpéǹpéjú. Ó fọ́ sí i lójú, ẹ̀jẹ̀ bọ́. Bàbá Oko fi omi ṣan ojú ọmọ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ẹyinjú kò bàjẹ́. Ó wá yíjú sí mi. Mo ti ń dúró de pàṣán. Ohun tó wí ni pé, “Bó bá jẹ́ òkúta ni ńkọ́?” N kò rí èsì kankan fọ̀, títí di òní olónìí.

Láti ọjọ́ náà ni òfin méjì ti wọ oko wa. Èkíní, wo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ kí o tó wo iwájú. Èkejì, kí o tó ta, ké pé, “Òkò ń bọ̀ o!” kí o sì dúró kí gbogbo ènìyàn dáhùn.

Bí a ṣe lè kọ́ ọmọ wa

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Nídìí iṣẹ́ wa, a máa ń ka gbèsè kí a tó ka èrè. Bí mo ti pinnu láti kọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èkíní ni ibi tí a ó ti ṣe é. Ẹ̀yìnkùlé kéré jù, ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn mi. Pápá gbalasa ni kí ẹ wá, níbi tí ẹni tí ń bọ̀ kò ti lè yọ síni lójijì, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ó má sí ilé, ọkọ̀, ọ̀nà tàbí ẹran ọ̀sìn ní iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn.

Èkejì ni ohun tí a ó ta. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni ògúlùtu ti ìhín. Ó rọ̀, a sì tètè ń rí i nínú koríko. Síbẹ̀, bí ó bá fi agbára bani lójú, ó lè ṣeni léṣe, nítorí náà kí ọmọ àti olùkọ́ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú. Òkúta kò kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni kànnàkànnà fúnra rẹ̀. Okùn tí kò ń fà bíi rọ́bà ni ó dára. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó má gùn ju apá ọmọ náà lọ, nítorí okùn gígùn le í darí. Àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù náà dáadáa. Kí a yẹ ojóbó àti kókó wò ní gbogbo ìgbà, nítorí okùn tó bá já lọ́nà kò mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ kọ́kọ́ fì í láìsí nǹkan nínú rẹ̀. Kó mọ bí ojóbó ti ń di ìka mú, àti bí kókó ti ń bọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kó fi bọ́ọ̀lù sí i. Kó má ṣe yí i ká orí bí abẹ̀bẹ̀ òkè àjà, nítorí àṣìṣe irú ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ló ń yà sí. Kó gbé e láti ẹ̀yìn kọjá lókè èjìká bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí Vegetius ti wí. Bí ó bá ṣe é báyìí, ọ̀pọ̀ àṣìṣe rẹ̀ yóò lọ sókè tàbí kó wọlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa ta lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yòókù, kí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán ogún ìgbésẹ̀, kí ojú wọn wà lára rẹ̀. Bí igi ńlá bá wà, ẹ̀yìn igi ló dára jù. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ ṣa bọ́ọ̀lù títí gbogbo kànnàkànnà yóò fi wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí ohun tí à ń ta sún mọ́ ọmọ, kó sì tóbi. Mítà mẹ́wàá ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ ńlá tí a so kọ́ dára ju pátákó líle lọ, nítorí nǹkan líle máa ń dá bọ́ọ̀lù padà. Kí ọmọ má sì ta ẹyẹ, ajá tàbí ológbò láéláé.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, nígbà tí a lè sun ún kí a sì simi. Ìdáhùn mi ni pé a lè sun okùn, ṣùgbọ́n a kò lè sun ohun tí ọmọ ti mọ̀. Okùn bàtà pọ̀ nílé, òkúta sì wà lójú títì. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ó sì lè fọ́ gíláàsì rẹ̀ kó tó tà á. Ní Mallorca àti Menorca, wọn kò sun tiwọn. Eré ìdárayá ni lónìí, fona ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ẹgbẹ́ àti ìdíje, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ń bá a jà fún àmì ẹ̀yẹ. Ohun tí wọ́n fi ń pànìyàn ní Cannae ti di ohun tí bàbá àti ọmọ jọ ń ṣe lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò já.

Àwa náà ti ń lọ sí pápá kan báyìí ní ọ̀sán Sátidé, bí òjò bá gbà fún wa. Ìyá wọn tẹ̀ lé wa lẹ́ẹ̀kan. Ó ti gbọ́ ìtàn àwọn ìyá Balearic lẹ́nu mi, ó sì gbé búrẹ́dì gbígbẹ kan ka orí igi. Kò sí ẹni tó bà á nínú wa, títí kan olùkọ́. Gbogbo wa ló padà lọ jẹ ìrẹsì nílé.

Ṣùgbọ́n kí ọmọkùnrin mi tó ta, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn igi. Ó wá gbé ohùn sókè ní àárín pápá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ké pé, “Òkò ń bọ̀ o!” Ó dúró títí a fi dá a lóhùn, kó tó jọ̀wọ́ kókó.